Fídíò Olóríta Mẹ́ta ti Dókítà Ìbítóyè

Ilẹ̀kùn kan wà lókè ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Plumstead High Street tí wọ́n pààrọ̀ pátákó ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàrin oṣù méjì, ní ọdún 2016. Èyí àkọ́kọ́ kà báyìí: "E. Ìbítóyè, Training." Ẹni tó ni orúkọ náà wò ó, ó mi orí, ó ní ó dà bí orúkọ ẹni tó wá tún páìpù omi ṣe. Wọ́n kọ èkejì: "Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel Ìbítóyè, Olórí Ẹ̀kọ́." Ó ní ìyẹn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dún tó. Ẹ̀kẹta ló wá tẹ́ ẹ lọ́rùn: "Dókítà Ezekiel Ìbítóyè, Olùdarí Àgbà Pátápátá fún Ẹ̀kọ́, Ìmọ̀ Ẹ̀rọ àti Ìyípadà sí Ayé Dígítà, Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ Homecare, Woolwich, Thamesmead àti Gbogbo Agbègbè Wọn." Pátákó náà gùn kọjá etí ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò sì ṣe é tì mọ́. Láti ọjọ́ náà ni otútù ti ń wọ ọ́fíìsì Olùdarí Àgbà Pátápátá. Kóòtù ló ń wọ̀ jókòó síbẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan pátákó.

Ẹ má bi mí nípa Dókítà yẹn. Ó lọ sí ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Dartford, níbi tí wọ́n ti fún gbogbo ẹni tó bá jókòó dópin ní fìlà onígun mẹ́rin àti ìwé ẹ̀rí. Yunifásítì tó fún un kò ní kíláàsì, kò ní ilé ìkàwé, àdírẹ́sì email nìkan ló ní. Ṣùgbọ́n ká sọ òtítọ́, àwa ará Plumstead tí à ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ la bà á jẹ́. Àwa la kọ́kọ́ ń kí i ní "Dókítà wa!" lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, torí a ti ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ kì í bá iṣẹ́ àárọ̀ Sunday pàdé nínú rota tó fi ń pín iṣẹ́. Ẹni tó bá pè é ní Uncle Ezekiel lásán, ó di dandan kó pàdánù ìsìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léraléra. Ta ló fẹ́ pàdánù ìsìn nítorí orúkọ lásán? Dókítà náà la pè é, a tún tẹrí ba díẹ̀ sí i.

Bẹ́ẹ̀ sì ni èèyàn gidi ni tẹ́lẹ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń yí aláìlera padà lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò fi ní ké. Ó mọ ẹni tó fẹ́ mu tíì kó tó wẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ wẹ̀ kó tó mu tíì. Nígbà tí Bernice tó ni ilé-iṣẹ́ náà, obìnrin Jamaica kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, gbé e gòkè sí ọ́fíìsì, inú gbogbo èèyàn dùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láàrin àtẹ̀gùn àti àga, ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Wàsíù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa pín ìbọ̀wọ́ àti épírọ́ọ̀nù fún àwọn òṣìṣẹ́. Ìbọ̀wọ́ kì í sábà délé ẹni tó nílò rẹ̀, nítorí kíkí ọ̀gá ni Wàsíù fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́.

"Daddy Digital!" ni yóò kígbe láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ta ló ń pè mí?" Ìbítóyè yóò dáhùn, bí ẹni tí kò mọ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tó ti kú, tó jí!"

"Má sọ bẹ́ẹ̀, Wàsíù."

"Ẹ̀yin tí wifi ń gbọ̀n fún!"

"Ó tó, ó tó." Yóò wá tún táì rẹ̀ ṣe. "Tún èyí tí wifi yẹn sọ."

Ní oṣù kẹta ọdún 2017, àsìkò tó tí àwọn òṣìṣẹ́ ọgọ́ta lé ní igba gbọ́dọ̀ tún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wọn kọ́. Tẹ́lẹ̀, Mọ́wùnmí ló máa ń kọ́ wọn, ẹni tó pẹ́ jù nínú àwọn olùtọ́jú. Yóò kó èèyàn mẹ́wàá mẹ́wàá sínú yàrá kan, yóò dùbúlẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò ní kí wọ́n wá tọ́jú òun. Ìbítóyè sọ pé ìyẹn ti di ayé àtijọ́. Ó ti rí irú fídíò kan tí ń bi èèyàn léèrè: ìwọ tí ò ń wò ó lórí fóònù, ìtàn á dúró lójijì, á ní kí lo máa ṣe, èyí tó o bá tẹ̀ nínú ìdáhùn mẹ́ta, ọ̀nà ibẹ̀ ni ìtàn á gbà. Ó ní kí tirẹ̀ ní oríta mẹ́ta, kí oríta kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á rí i pé apá fídíò náà di mọ́kàndínlógójì. Ó wá pàṣẹ pé kí ojú òun kọ́kọ́ yọ ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan, kí òun fi ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ẹni tó yàn dáadáa kú oríire, tàbí kí òun bá ẹni tó yàn burúkú wí. Ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlógójì ló sọ, pẹ̀lú táì mọ́kàndínlógójì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ya ojú rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n fi ya ìtọ́jú arúgbó.

Ní ọ̀sán náà, Wàsíù ló ṣe ìyá arúgbó tó ṣubú. Ó dé wíìgì funfun, ó nà gbọọrọ sórí káríẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì. Mọ́wùnmí kúnlẹ̀ tì í, ó mú fóònù.

"Ẹ dúró!" Ìbítóyè kígbe. "Mọ́wùnmí, kí lo fẹ́ fi fóònù ṣe? Ìdáhùn tó tọ̀nà ni number three. Pe Olùdarí."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Uncle..."

"Dókítà."

"Dókítà. Mummy ti ṣubú sà. Ó lè jẹ́ pé egungun ìbàdí ló kán. Ambulance la máa ń kọ́kọ́ pè, number two nìyẹn. A ò ní gbé e dìde, a máa fi nǹkan bò ó, a máa jókòó tì í. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ mi."

"Nígbà tí mo kọ́ ẹ, kò sí Olùdarí. Olùdarí ti wà báyìí. Ṣé ó dáa kí ambulance mọ̀ kí èmi tó mọ̀?"

"Àní sẹ́," Wàsíù wí láti ilẹ̀, "bí mo ṣe gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pè yín yìí, egungun mi ti ń so pọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ya á.

Bernice ti gba ọ̀dọ́bìnrin kan láti bá wọn gbé fídíò náà sórí fóònù àwọn èèyàn, Fìyìnfólúwa, ọmọ tí wọ́n bí ní Woolwich, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú ìlú. Ó wo àwọn apá fídíò náà tán, ó wo ẹ̀rọ ńlá tó tó fíríìsà tí Ìbítóyè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, ó sì wọlé tọ̀ ọ́ wá.

"Uncle, o ò lè fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí everybody."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ ká dúró níbí, torí ibí ni gbogbo nǹkan ti bàjẹ́. "O ò lè." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sọ "o" fún Olùdarí Àgbà Pátápátá. Ọmọ náà kò ní i lọ́kàn láti rí i fín. Báyẹn ni Yorùbá ṣe dé etí rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n Ìbítóyè kò gbọ́ ohun mìíràn mọ́. Ó ń wo ẹnu rẹ̀, "o" yẹn nìkan ló ń dún lágbárí rẹ̀ bí agogo. Ohun tí ọmọ náà sì ń sọ nìyí, tí kò gbọ́:

"Ẹnì kan ò lè rin ju ọ̀nà kan lọ, abi? Nínú thirty-nine yẹn, mẹ́ta péré ni carer kan máa wò. Thirty-six tó kù máa lọ ṣòfò, wọ́n á sì jẹ data ẹ̀ tán. So, a máa gé e sí wẹ́wẹ́, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin mẹ́rin. Tí carer bá dé oríta, tó ṣì ń ronú, a máa fi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́, díẹ̀ báyìí, kí fídíò má bàa dúró. Tó bá ti tẹ ọ̀kan, a máa da méjì yòókù nù. Tí signal ò bá dáa, kí àwòrán kéré sí i, ṣùgbọ́n kó ṣáà máa lọ. And please, má jẹ́ kí gbogbo èèyàn wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo yìí. Ká kó ẹ̀dà ẹ̀ sí cloud, sí oríṣiríṣi ibi, kí kálukú gbà á níbi tó sún mọ́ ọn."

"Cloud?" Ìbítóyè jí. "Ìkùukùu? Ṣé o fẹ́ kí n kó ojú mi sínú ìkùukùu, nínú London tí òjò ti ń rọ̀ lójoojúmọ́?"

Wàsíù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Àti pé kí àwòrán mi kéré fún ẹni tí signal rẹ̀ ò dáa? Ẹni yẹn gan-an ló yẹ kó rí mi dáadáa!"

Ó wá pàṣẹ. Gbogbo apá mọ́kàndínlógójì ni kó wọ fóònù gbogbo òṣìṣẹ́ lódindi, ní àwòrán tó mọ́ jù lọ. Ní Thursday, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ géérégé, ni kí gbogbo wọn wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó sì burú jù, rota inú fóònù, tó ń sọ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ilé arúgbó tí yóò lọ lọ́jọ́ náà, inú ẹ̀rọ kan náà ló wà. Ó ní kí wọ́n tì í pa láti àárọ̀ Thursday, kó má ṣí fún ẹnikẹ́ni àfi tó bá wo fídíò dópin.

"Tí fídíò ò bá lọ ńkọ́?" Fìyìnfólúwa bi í.

"Yóò lọ."

"Uncle, mo ní..."

"Yóò lọ, nítorí pé mo ti ní kó lọ."

Ọmọ náà kọ email sí Bernice. Ṣùgbọ́n Bernice wà ní Jamaica, ó lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àárọ̀ Thursday yẹn gan-an ló sì fẹ́ balẹ̀.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n gbà fún ayẹyẹ náà wà ní Royal Arsenal, létí odò, láàrin àwọn ilé tí wọ́n ti ń rọ ọta ìbọn láyé ọjọ́un. Àwọn olùtọ́jú bí ọgọ́rin ni wọ́n ní kó wá síbẹ̀; àwọn yòókù, kí wọ́n dúró níbikíbi tí wọ́n bá wà, kí wọ́n mú fóònù dání. Mọ́wùnmí jókòó níwájú gẹ́gẹ́ bí òṣèré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárọ̀ Thursday ni ó máa ń lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan, Patricia, ní Thamesmead Moorings. Ìbítóyè ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ta ni? Ó wà nínú rota.

Ìbítóyè wọ súùtù dúdú tuntun, ó fi òdòdó pupa sáyà, káàdì "Dr." rọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Wàsíù fi ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, nínú èyí tí a ti gbọ́ pé láti kékeré ló ti máa ń tún rédíò ṣe. Ní aago mẹ́wàá, ó tẹ bọ́tìnnì pupa kan tí Wàsíù fi páálí ṣe, tí kò so mọ́ nǹkan kan. Fìyìnfólúwa tó jókòó lẹ́yìn ló tẹ èyí tòótọ́, ó sì dijú.

Ojú Ìbítóyè yọ lórí ògiri gbọ̀ngàn, ó tóbi bí ilé alájà kan. Ó ní, "Ẹ̀yin..." Ó sì dúró. Ẹnu rẹ̀ là, ojú ọ̀tún rẹ̀ pàdé, ojú òsì rẹ̀ là sílẹ̀, òrùka róbótó kékeré kan wá ń yí lórí imú rẹ̀.

A pàtẹ́wọ́. A rò pé ó wà nínú ètò ni.

Ó ń yí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Gbogbo fóònù tó wà lọ́wọ́ wa gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Nínú bọ́ọ̀sì 472, ní ojú ọ̀nà Abbey Wood, nínú ọgbà ilé ìwòsàn, àwọn olùtọ́jú dúró wo ojú kan náà pẹ̀lú ẹnu kan náà tó là. Dátà oṣù kan tán lórí fóònù obìnrin kan nítorí "Ẹ̀yin" nìkan. Èèyàn ọgọ́ta lé ní igba fẹ́ fa fídíò mọ́kàndínlógójì lẹ́ẹ̀kan náà gba inú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ òkè ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Kò sí ohun tó lè kọjá. Rota tó wà nínú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú wọn kò lè kọjá.

Mọ́wùnmí dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ta ló lọ sọ́dọ̀ Mummy Patricia?"

"Jókòó, Mọ́wùnmí."

"Aago mẹ́jọ àbọ̀ ló yẹ kí èèyàn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ta lẹ fi síbẹ̀?"

"Ó wà nínú rota. Ó ń bọ̀ báyìí. It's only buffering."

"Arúgbó kì í buffer, sà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára dákẹ́. Ìbítóyè gbé máíkì sókè. Ó ti ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi pa obìnrin náà lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ó rí i pé àwọn èèyàn kò wo òun mọ́. Bernice ti wọlé, báàgì ọkọ̀ òfuurufú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kóòtù dúdú tó fi sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó wo ojú ńlá tó wà lára ògiri. Ó wo ti ẹni tó ni ín.

"Ezekiel," ó wí, "arúgbó mélòó ni kò tíì rí èèyàn láti àárọ̀?"

Ìbítóyè wo fóònù rẹ̀, ojú ara rẹ̀ ló bá níbẹ̀. Kò mọ iye wọn.

Mọ́wùnmí kò dúró de ìdáhùn. Ó yí ìwé ètò ayẹyẹ dà sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ láti orí. Àwọn mìíràn wá dúró yí i ká, ẹni yìí dárúkọ kan, ẹni yẹn dárúkọ méjì, títí wọ́n fi rí orúkọ mọ́kàndínlógún, àwọn tí wọ́n pààrọ̀ olùtọ́jú wọn lọ́jọ́ náà, tó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n pín in. Mọ́wùnmí fúnra rẹ̀ gba bàbá alátọ̀gbẹ kan tí kò gbọdọ̀ pẹ́ kó tó jẹun. Nígbà tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn kúrò nílẹ̀, orúkọ kan ló kù, èyí tó jìnnà jù. Bernice mú ìwé náà, ó fi lé Ìbítóyè lọ́wọ́. Wọ́n ti kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí àpótí tí kọ́kọ́rọ́ ilé náà wà sí i.

"Ìwọ ní mọ́tò," ó wí. "Lọ."

Ó lọ. Bí ó ṣe ń wakọ̀ ní ojú ọ̀nà Thamesmead ló ń to ọ̀rọ̀ jọ: yóò ní olè ló wọnú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, yóò ní Fìyìnfólúwa ló ba nǹkan jẹ́ nítorí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dára tó bẹ́ẹ̀ tó fi ṣì ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó ṣílẹ̀kùn Patricia.

"Hello? Homecare!"

Kò gbọ́ nǹkan. Ó wá gbọ́ kinní kan tó ń ha ilẹ̀ ní kíṣìnnì.

Ìyá náà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gba owó ọkọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wà nílẹ̀ láàrin tábìlì àti síńkì. Ẹsẹ̀ kan yí sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí. Ilẹ̀ tútù, aṣọ rẹ̀ tútù. Ṣíbí ló fi ń ha ilẹ̀, kí ẹni tó bá ń kọjá lè gbọ́. Ó gbé ojú sókè, ó rí súùtù dúdú, ó rí òdòdó.

"Ṣé àwọn asìnkú ló rán ẹ?" ó wí. "Ẹ ti yá jù. Mi ò tíì kú."

Ìbítóyè kúnlẹ̀. Kí ló yẹ kí n ṣe? Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ nígbà mẹ́tàlá nínú fídíò, pẹ̀lú táì mẹ́tàlá: pe Olùdarí. Ó ti mú fóònù jáde kó tó rántí pé òun ni Olùdarí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi, irú èyí tí kò bà á láti ìgbà tó ti gun àtẹ̀gùn yẹn.

Ó tẹ 999.

Obìnrin orí fóònù bi í léèrè ọjọ́ orí ìyá náà, bóyá ó ń mí dáadáa, bóyá ó mọ ibi tó wà. "Ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀?"

"Èmi ni. Ezekiel Ìbítóyè."

Patricia ń ka káàdì tó rọ̀ lọ́rùn rẹ̀. "Ó ní dókítà ni," ó pariwo sí fóònù. "Ó dára. Dókítà ti dé."

"Ṣé dókítà ni yín, sà?" obìnrin náà bi í. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ṣé ẹ lè wo ìbàdí rẹ̀ fún wa?"

Kò sí ẹlòmíràn nínú kíṣìnnì náà. Kò sí Wàsíù. Kò sí àwa tí a máa ń tẹrí ba. Ìbítóyè bọ́ káàdì náà kúrò lọ́rùn.

"Rárá," ó wí. "Mi ò kì í ṣe dókítà. Wọ́n kàn máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ ni. Carer ni mí."

"Ó dáa. Ẹ má gbé e dìde."

"Mo mọ̀."

Ó sì mọ̀ lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣe é kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ó bọ́ kóòtù súùtù, ó fi bo ìyá náà títí dé ọrùn. Ó mú bùláńkẹ́ẹ̀tì wá láti yàrá. Ó rọra ki táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ sí ibi tó lè kì í sí láìyí i ní ipò, ó nu ilẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ sáàrin ìyá náà àti afẹ́fẹ́ tó ń wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyá náà bẹ̀ ẹ́ fún tíì. Ó ní kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu, torí wọ́n lè fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ìyá náà ṣépè díẹ̀. Ó jẹ́ kó ṣé e.

Ambuláǹsì pẹ́. Ìṣẹ́jú àádọ́ta ni wọ́n fi dùbúlẹ̀ síbẹ̀, orí ẹnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹnì kejì, torí ọrùn ìyá náà ń dùn ún bó bá ń wo òkè.

"Sọ̀rọ̀ kan fún mi," Patricia wí. "Oorun ń kùn mí."

Ọkùnrin tó ní ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlógójì nínú ẹ̀rọ wá ọ̀kan tó lè sọ fún un, kò rí.

"Iṣẹ́ wo lo máa ń ṣe gan-an?" ìyá náà bi í.

"Mo ṣe fídíò kan. Ó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè ṣe ohun tí mò ń ṣe yìí."

"Ṣé ó dára?"

Ó ro ó. "Kò tíì ṣí."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dùn ún, ó sì gbá a létí nítorí pé ó pa òun lẹ́rìn-ín. Ìbítóyè náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Ìyá náà kàn di àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mú.

Ìbàdí rẹ̀ ló kán. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ kejì, àwọn dókítà tòótọ́ sì sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti fà á dìde, ọ̀rọ̀ ì bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjìdínlógún yòókù, wọ́n bá wọn láàyè, ebi ń pa wọ́n, inú ń bí wọn.

Ní Friday, Bernice pè é. Kò pariwo.

"Nínú fídíò rẹ, bí arúgbó bá ṣubú, èwo ni ìdáhùn tó tọ̀nà?"

"Number three."

"Kí lo ṣe lánàá?"

"Number two."

"Èwo ni kí n fi kọ́ àwọn èèyàn mi?"

Ìbítóyè wo ilẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò jọ nínú mọ́tò, ti olè nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́, ó wá wọn, kò rí ọ̀kan tó lè dúró níwájú obìnrin náà. "Ọmọ yẹn sọ fún mi," ó wí. "Fìyìnfólúwa. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Mi ò gbọ́, torí kò fi ‘ẹ’ sí i."

Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé fún obìnrin Jamaica ohun tí "ẹ" àti "o" jẹ́. Bí ó ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ tó ni ojú ń tì í tó. Bernice gbọ́ ọ dé òpin.

"Nítorí lẹ́tà kan," ó wí.

Láti Monday, Ìbítóyè padà sí iṣẹ́ olùtọ́jú, lábẹ́ Mọ́wùnmí. Ní àárọ̀ kan náà, Wàsíù ti dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń ké sí Fìyìnfólúwa: "Mummy Digital! Ẹ̀yin tí ìkùukùu ń gbọ̀n fún!" Ọmọ náà wò ó. "Uncle Wàsíù," ó ní, "gloves ti tán."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ náà fi tún fídíò náà ṣe bó ti sọ. Mọ́wùnmí tún ibi tó burú yà, ojú ẹnikẹ́ni kò sì sí nínú rẹ̀ mọ́, bí kò ṣe ti arúgbó àti ti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ìbítóyè wò ó nínú 472, ní ibi tí signal ti máa ń kú láàrin Plumstead àti Thamesmead. Àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó dé oríta, ó tẹ number two, ìtàn ń bá a lọ bí ẹni pé ó ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni yóò gbà.

Ìtìjú rẹ̀ kò tètè lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí àwa tí a ti ń pè é ní Dókítà ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, a kàn ti fi ẹ̀rín kún un. Nígbà tó wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó ya ẹnu, ó sì fúnra rẹ̀ sọ ìtàn náà láti orí dé ìdí, ti bọ́tìnnì páálí àti ti òdòdó. Ó tún fi ojú àti ẹnu ṣe bí òun ṣe rí lára ògiri. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù rántí bí òun ṣe tẹrí ba tó, ẹ̀rín náà sì dín kù.

Mọ́wùnmí gbọ́ pé ó mọ̀ ọ́n sọ. Bó bá ti gba òṣìṣẹ́ tuntun, ó máa ń ní, "Uncle Ezekiel, ẹ wá bá wọn sọ ti Thursday yẹn." Yóò wá láàrin ilé méjì, pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù lára, yóò dúró níwájú wọn, yóò sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Kì í dárúkọ. "Olùdarí kan wà níbí," ló máa ń wí.

Ní oṣù kẹwàá, ọmọbìnrin kan wà láàrin àwọn tuntun, Ìyèbíyè, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Adó-Èkìtì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi orí lé tábìlì. Nígbà tó gbé e, ó bi í:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Olùdarí yẹn, ṣé ó ṣì wà níbí?"

Mọ́wùnmí yíjú sí fèrèsé.

"Rárá," Ìbítóyè wí. "Ó ti lọ."

"Ẹ ṣeun Olúwa!" Ìyèbíyè pàtẹ́wọ́. "Ọlọ́run má jẹ́ ká pàdé irú ẹ̀ mọ́."

"Àmín," ó wí, ó sì ṣe é tọkàntọkàn. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó mú báàgì, ó sáré sọ̀kalẹ̀ lọ bá bọ́ọ̀sì.